Ẹ Má Ra 'Èyíkéyìí'

Bí èèyàn bá ń to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nílé, tó ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ìdè dè é pọ̀ bí ẹni ń to kẹ̀kẹ́, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí í fi yangàn. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà tèmi yá ju tìrẹ lọ, pé dísíkì tèmi ń gba ẹrù ju tìrẹ lọ. Ẹ ò ní í gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ wá wo páwà pákì mi." Àpótí irin kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Fáànù kan wà níkùn rẹ̀, wáyà sì ń tú jáde lára rẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dè é mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀rọ náà pátá, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oúnjẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní Ṣakí, ló mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàwé ní Políì Òkè-Ògùn tó wà nílùú wọn níbẹ̀. Kò ríṣẹ́ ìjọba, kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ló ń yà, òun náà ló ń gé e, tó ń tò ó, tó ń fi orin sí i. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lò ti di arúgbó. Bó bá fẹ́ parí fídíò wákàtí kan, ó di kí ó gbé e sílẹ̀ kó sùn, kó jí, kó tún wá wò ó bóyá ó ti ṣe tán. Ìyá rẹ̀ a máa ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a máa kó o fún àwọn tó ń gbé e lọ sí Èkó. Obìnrin náà fi èrè odidi sáà kajú kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó fi ṣe kọ̀ǹpútà gidi. Ó wá ní kí n bá wọn yẹ ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà wò, nítorí pé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ẹni pé ẹni tó ń kọ̀wé ìròyìn ti mọ gbogbo ohun tó wà láyé tán!

Mo gba ìwé náà, mo kà á. Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe, ẹ má tan ara yín. Ó kọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel Core i5-12400. Ó kọ káàdì àwòrán GTX 1660 Super, èyí tó máa ń ran fídíò lọ́wọ́ kó yá. Ó kọ ràámù, ó kọ dísíkì méjì. Ó tiẹ̀ kọ fáànù mẹ́ta tó ń tan iná pupa, iná búlúù, iná àwọ̀ ewé, èyí tí kò wúlò fún nǹkan kan ju kí yàrá dà bí ilé fàájì lọ. Gbogbo wọn ló ní orúkọ, nọ́ńbà àti iye owó. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìwé ti fẹ́ tán, ni mo ti rí i: Páwà pákì, èyíkéyìí. Owó tó kọ síwájú rẹ̀ kò tó owó fáànù aláràbarà yẹn.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pè ní èyíkéyìí?"

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bùọ̀dá. Ṣebí iná ni gbogbo wọn ń gbé wá? Iná ṣáà ni iná."

Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè Asabari, tó dàgbà sínú òkùnkùn, tó mọ ìyàtọ̀ láàárín iná tó mọ́lẹ̀ àti iná tó ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ojú arúgbó, òun ló ń sọ fún mi pé iná ṣáà ni iná!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín. Ayàwòrán kan wà ní Ìsẹ́yìn tí a jọ mọra dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, wọ́n tún dá a padà lójijì, ó wá pẹ̀lú ipá. Páwà pákì inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dún gbòlà! Òórùn ohun tó jóná gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ká ní òun nìkan ló kú, ì bá tán síbẹ̀. Ó mú mọ́dàbọ́ọ̀dù dání, ó sì mú dísíkì dání. Ìgbéyàwó mẹ́ta ló wà nínú dísíkì yẹn tí kò tíì fi jíṣẹ́ fún àwọn tó ni ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà, bàbá rẹ̀ kú kí oṣù tó pé. Ibi tí bàbá náà ti gbé ọwọ́ lé e lórí, tó ń súre fún un, kò sí níbòmíràn láyé àfi níbẹ̀. Ayàwòrán yìí dá owó padà, ó bẹ̀bẹ̀, ó gbé àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Kí ni owó fẹ́ ṣe sí èyí? Páwà pákì tó dára, bí ikú bá tilẹ̀ dé bá a, òun nìkan ló sábà máa ń kú. Wọ́n ti ṣe é kó lè gé iná kúrò bí iná bá pọ̀ jù, tàbí bí wáyà kan bá kan ìkejì. Olówó pọ́ọ́kú ni kì í fẹ́ dá nìkan lọ.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Iná tó ń ti ara ògiri wá kì í dúró lójú kan. Lórílẹ̀-èdè wa, 230 fóòtì ló yẹ kó jẹ́, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ kò ṣe lè jẹ odidi iṣu. Iná tó dúró ṣinṣin bíi ti bátìrì ló fẹ́: 12 fóòtì, 5 fóòtì àti 3.3. Páwà pákì ló ń bá a gún iṣu yẹn tó ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ wúwo, gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Apple II jáde ní 1977, Rod Holt ti bá wọn ṣe oríṣi kan tó kéré, tó sì tutù. Kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1981, tí àwọn ti òde òní jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, 63.5 wáàtì péré ni páwà pákì tirẹ̀. Gílóòbù 60 wáàtì tí a ń fi sí pálọ̀ nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ní 1984, èyí tí wọ́n pè ní AT ti gbé e dé 192. Irú èyí tí ẹ ń rí lọ́jà lónìí, tí wọ́n ń pè ní ATX, Intel ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní 1995.

Àwọn òyìnbó tó ṣe é, ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n jókòó sí. Tiwa yàtọ̀. Lóòótọ́, 1972 ni ìjọba dá NẸ́PÀ sílẹ̀, orúkọ náà yí padà ní 2005, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Bí iná bá dé ní Ṣakí lálẹ́ òní, ẹ ò ní í gbọ́ kí ọmọ kankan pariwo orúkọ iléeṣẹ́ aládàáni. "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" náà ni. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ náà sì tẹ́ rẹrẹ. Ọ̀nà jíjìn ni wáyà ń gbà nínú ọ̀dàn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí wáyà bá sì ṣe ń gùn sí i ni agbára iná tó wà nínú rẹ̀ ń dínkù sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, ó di lo-kọ́rẹ́ńtì. Mo fi mítà wọn iná ilé ẹ̀gbọ́n mi ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. 230 ló yẹ kí n bá. 158 ni mo bá. (Ìsédò Ìkéré tó wà lórí odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, láyé Shagari ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìpèsè iná sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

Nítorí náà, ohun méjì ló yẹ kí èèyàn bi páwà pákì léèrè: kí lo lè gbé jáde, kí lo sì lè gbà wọlé? Èyí tí ó lè gbé jáde ni gbogbo ayé ń wò. Èyí tí ó lè gbà wọlé ni wọ́n ń gbàgbé, òun ló sì ń pa ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àkọ́kọ́ ná. Intel fúnra wọn kọ ọ́ pé 65 wáàtì ni ọpọlọ i5-12400 ń jẹ bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ń sáré, ó lè gbà tó 117. Fídíò gígé, sísáré ni. Káàdì GTX 1660 Super, 125 wáàtì. Àwọn méjèèjì di 242. Ẹ fi bí 60 kún un fún mọ́dàbọ́ọ̀dù, ràámù, dísíkì àti fáànù, ó di nǹkan bí 300. Iléeṣẹ́ NVIDIA tó ṣe káàdì náà ní kí ẹni tó bá máa lò ó wá páwà pákì 450 wáàtì. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìṣírò. Ẹ̀rọ a máa ta kìjí lójijì, oúnjẹ tó fẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn a sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí tí a bá ń lò dé góńgó lójoojúmọ́ a máa gbóná, kì í sì í pẹ́ gbó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èmi àti ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ní ìlú kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbé àpótí kan kalẹ̀, 500W ni wọ́n fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ sí i. Ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tàn. Ó ní, "Bùọ̀dá, ó tiẹ̀ ju ohun tí a ń wá lọ." Mo gbé e sọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo. Mo yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kọ ìyókù. Níwájú 12 fóòtì, 15 ámpù ni wọ́n kọ. Ẹ fi 12 sọ 15 di púpọ̀: 180 wáàtì. Nínú ẹ̀rọ òde òní, ẹnu 12 fóòtì yìí ni ọpọlọ àti káàdì àwòrán ti ń jẹun, àwọn ọ̀jẹun méjì tí ń jẹ 242 láàárín ara wọn. Mo bi ọ̀gá náà léèrè pé níbo ni 320 tó kù wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ohun tí gbogbo ayé ń rà nìyí. Kò sẹ́ni tó máa ń ka ẹ̀gbẹ́ yẹn."

Àwọn ìyá wa tó ń ra aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn kì í bi aṣọ léèrè orúkọ. Wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n á fà á wò bóyá ó le. Bí ẹni tó ń tà á bá ń pariwo pé sányán ni, wọ́n á ní, "A ti gbọ́, gbé e wá síbi oòrùn." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ṣe. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, a jáde.

Ìyá ọmọ náà ní ìbéèrè tirẹ̀, ìbéèrè náà sì dára ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Àbúrò mi, èyí tó tóbi tí ẹ̀ ń wá kiri yìí, ṣé kò ní í jẹ káàdì iná wa tán?" Mítà alásansílẹ̀ ni wọ́n ń lò, ó sì mọ iye tó ń rà lóṣù. Mo ní rárá o. Ìkòkò ńlá kì í sọ ìrẹsì kóńgò kan di méjì. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ni páwà pákì máa fà lára ògiri, pẹ̀lú ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá fi ṣòfò. Ìfiṣòfò yẹn gan-an ni ká wò. Èyí tí kò dára a máa pàdánù bí 30 nínú 100. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ 200 wáàtì, yóò fà tó 286 lára ògiri. Èyí tó dára, tó ń pàdánù 10 péré nínú 100, kò ní í fà ju 222 lọ. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 64 wáàtì, ooru lásán ló ń dà. Ní wákàtí mẹ́jọ, ó ti di ìdajì yúníìtì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2004 tí wọ́n pè ní 80 Plus, láti máa fi àmì sára àwọn tí kì í pàdánù ju 20 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún pín in sí Bronze, Silver, Gold, ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀. Bronze tó ẹni tó ń fi owó kajú ra nǹkan. N kò fara mọ́ àwọn tó ń ní kí gbogbo èèyàn ra Gold 1000 wáàtì. Owó ìyá oníkajú kì í ṣe owó ìjọba.

Ó wá ku ohun tí ó lè gbà wọlé. Lára àwọn àpótí kan, ẹ ó rí 200-240V. Bí iná bá ti wálẹ̀ dé 158 bíi ti ilé ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nínú ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ó lè kú pii, ó lè máa tan, kó máa kú, èyí sì burú fún dísíkì ju kí ó kú lẹ́ẹ̀kan lọ. Àwọn mìíràn ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan lẹ́yìn: 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Ọmọdé a fọwọ́ tì í sí 115 níbi tó ti ń ṣeré, wọ́n á ki í bọ NẸ́PÀ, gbòlà! Èyí tó yẹ wá ni èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí lára, tí kò ní bọ́tìnnì kankan. Iná ì báà ròkè, ì báà rẹlẹ̀ sí 158, yóò máa bá a rìn. Àléébù kan wà tí wọn kì í sọ. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í bá ínfátà olówó pọ́ọ́kú ṣe, nítorí iná ínfátà bẹ́ẹ̀ ń fò gátagàta, kì í yí jẹ́jẹ́ bíi ti NẸ́PÀ. Ẹni tó bá máa fi ínfátà lò ó, kó wo ara rẹ̀ bí wọ́n bá kọ pure sine wave sí i. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", bí iná rẹ̀ ṣe ń fò sókè nígbà tí ẹnì kan bá pa fáànù, Ọlọ́run ló ń bá wa ṣọ́ nǹkan wa.

Ooru náà ńkọ́? Páwà pákì gidi, wọ́n á sọ ọ́ pé ní 40 tàbí 50 lórí òṣùwọ̀n ooru ló ti lè gbé iye tí wọ́n kọ sí i. Àwọn kan, 25 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ta ló ti rí 25 ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹta ní Ṣakí, lábẹ́ páànù? Lórí èyí ni ọyẹ́ wà. Eruku inú ọ̀dàn yẹn, tó ń bo ewé, tó ń bo ìrun ojú, fáànù páwà pákì ń fà á mu bí ẹni ń fín áṣáà.

A lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tìgbà, n'Ìkẹjà. Wákàtí mẹ́ta la fi ń ka ẹ̀gbẹ́ àpótí kiri, àwọn kan ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Níkẹyìn a rí 550 wáàtì kan, Bronze ni, 100-240V. Lójú 12 fóòtì, 45 ámpù, ìyẹn 540 wáàtì. Ó wúwo lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. A ní láti yọ nǹkan kúrò. A yọ fáànù aláràbarà. Kò tó. A gé ràámù láti 16 sí 8, pé nígbà tó bá yá a ó fi 8 kejì kún un. Ojú ọmọ náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Bùọ̀dá, gbogbo owó yìí, lórí ohun tí kò sẹ́ni tó máa rí i?"

N kò tíì dáhùn tí ìyá rẹ̀ fi gbà á lẹ́nu mi lórí fóònù. Ó ní, "Ìpìlẹ̀ ilé tí bàbá ẹ kọ́, ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn?"

A san owó. Ìyókù tó ṣẹ́ kù ni a fi ra UPS kékeré. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà o, 650VA tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe 650 wáàtì. Irú rẹ̀ kì í sábà gbé ju bí 360 sí 400 lọ. Kò burú fún tiwa, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ọmọ náà lè fi ohun tó ń ṣe pamọ́, kó sì pa ẹ̀rọ. Bí NẸ́PÀ bá gbé iná lọ, ẹ gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1000: páwà pákì gidi lè mú ẹ̀mí dúró fún bí 16 nínú rẹ̀, UPS sì sábà máa ń gba iṣẹ́ kí 10 tó pé. Ẹ̀rọ náà kò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé iná lọ.

Ní Ṣakí, wọ́n gbé e sórí tábìlì, kì í ṣe nílẹ̀, kí eruku lè dínkù. Bí ọyẹ́ bá dé, oṣooṣù ni yóò máa fẹ́ eruku kúrò lára fáànù láti ìta. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tú inú rẹ̀, nítorí iná ṣì máa ń wà nínú àwọn ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà lára ògiri, ó sì tó ohun tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, iná lọ, iná bọ̀, nígbà mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lójú ẹ̀rọ. Ọmọ náà ń gé e lọ. Kó tó sùn, ó kó ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísíkì kejì, ó yọ wáyà lára ògiri nítorí Ṣàngó. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀, ó ní 8 tó kù nínú ràámù, òun á rà á pẹ̀lú owó iṣẹ́ yìí. Ínfátà ló ṣẹ́ kù. Ìyá rẹ̀ ní kí kajú tún so ná.